Gílóòbù Tó Kú Kò Ní Kí O Máa Lọ

Yàrá ẹ̀yìn,
Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun aláàsárì.

Àlàó ọmọ mi, ọkọ Háwáù,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ara bàbá rẹ le, orúnkún tèmi náà ń ké díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé yàrá ẹ̀yìn. Àlùhámúdùlílàáhì. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Mọ́mì, èwo ni ti lẹ́tà láti Bódìjà sí Olúyọ̀lé? Ẹ ò kúkú pè mí?" Bí mo bá pè ọ́, o máa ń bá mi parí gbólóhùn mi kí èmi fúnra mi tó dé àárín rẹ̀. Bí mo bá sì gba ohùn mi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, Háwáù ti tú àṣírí rẹ fún mi: ńṣe lo máa ń mú kí ohùn náà sáré, kí ìyá rẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ìwé kò ní bọ́tìnnì tí o lè tẹ̀ kó máa sáré. Jókòó kà á.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ Àìkú ló gbé mi jókòó. O gbé bọ́lì àti ẹ̀pà wá, o ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní Àbújá. Inú mi dùn, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ mo ṣàdúà, bàbá rẹ náà ṣe àmín títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo wá bi ọ́ pé, "Háwáù ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ńkọ́?" Mo bèèrè nítorí mo mọ bí ọmọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ ní Baṣọ̀run, nínú yàrá kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹní àti àwọn ọmọ aládùúgbò, títí tó fi di ilé tí àwọn òbí ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. O mu omi, o nu ẹnu rẹ, o ní: "Mo ti sọ fún un, Mọ́mì. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti gbà nìyẹn. Ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé." O bá jáde lọ. Èmi dúró síbi géètì, mo di ìdè rẹ̀ mú, mo gbàgbé láti tì í.

Kó má di pé o ń bínú sí ìyàwó rẹ: Háwáù kò sọ ohunkóhun fún mi. N kò pè é, n kò sì ní í pè é. Bí ìyá ọkọ bá pe ìyàwó lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, kò sí ìdáhùn tí yóò fún un ju "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" lọ. Bóyá inú rẹ̀ dùn sí Àbújá ju tìrẹ lọ, èmi kò mọ̀. Bóyá ó ń sunkún sínú ìrọ̀rí, èmi kò mọ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ìwọ náà kò mọ̀, o sì ti háyà ọkọ̀ ẹrù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyí tí mo fi gbé bírò.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni n óò gbà bá ọ sọ ọ́, ìyẹn ni tábìlì mi. O mọ ìtàn tábìlì náà, ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú tèmi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì, gbogbo ayé rò pé n óò máa ta omi dídì ni. Èmi bá lọ sí Dùgbẹ̀, mo rí páálí kan láàárín àwọn ẹrù tòkunbọ̀, ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú irin tí wọ́n ń sáré lé lórí. Mo rà á. Bàbá rẹ wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé ọmọ-ọmọ kan wà lọ́nà tí ẹ kò tíì sọ fún mi ni?" Mo ní rárá, tèmi ni. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ ó tọ́jọ́. Bí mo ṣe gba yàrá rẹ nìyẹn. Mo kan tábìlì yí ògiri ká, mo to irin sí i láti Ìbàdàn gba Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí ìlú wa. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Ṣakí rí láyé, ṣùgbọ́n lórí tábìlì tèmi, ó ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Èyí tó gba ọpọlọ mi jù ni òpó iná, àwọn òpó kéékèèké tó ń sọ fún ọkọ̀ pé dúró tàbí máa lọ. Àwọn tí wọ́n ń tà lókè òkun wọ́n bí ojú, mo bá ní n óò ṣe tèmi. Mo ra pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju páálí ìṣáná lọ, mo ra wáyà, mo ra gílóòbù tín-ín-tìn-ìn-tín, mo ra áyọ̀nù tí a fi ń jó léèdì, mo gbé gbogbo ọpọlọ náà sínú ike ọṣẹ ìwẹ̀. Ìwọ lo wá ń kọ́ mi bí a ṣe ń kọ àṣẹ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ̀ tí mo dà wó lórí tábìlì yẹn pọ̀, ọmọ mi, kò sì sí èyí tó dà wó lásán.

Èkíní. Má ṣe ìṣúnná sórí ohun tí ẹnìkejì rẹ fẹ́ fi sọ̀rọ̀.

O rántí pé ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́ lára pátákó náà kò pọ̀, gílóòbù kọ̀ọ̀kan sì ń gba ẹsẹ̀ kan. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo rò ó, mo ní kí ni mo fẹ́ fi gílóòbù mẹ́ta ṣe lórí òpó kan? Pupa kan ti tó. Bó bá tàn, dúró. Bí kò bá tàn, máa lọ. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo pe bàbá rẹ wá wò ó, mo ń yan bí ẹni tó kọ́ afárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kó ẹ̀pà sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ṣakí, èmi fúnra mi ni mo di bọ́tìnnì mú tí mò ń wà á. Mo wo òpó Ìṣẹ́yìn, kò tàn. Mo ní ọ̀nà là. Ọkọ̀ mi bá lọ fi gbogbo agbára kọlu èyí tó dúró jẹ́ẹ́ ní ibùdókọ̀. Ẹ̀pà tú ká dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Gílóòbù pupa náà ló ti jó. Àpótí ìdarí, ìyẹn ike ọṣẹ náà, mọ̀ pé ọ̀nà dí. Ó ń ránṣẹ́ "dúró, dúró" gba inú wáyà láìsinmi. Kò kàn sí ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ síta ni, nítorí ẹnu kan ṣoṣo tí mo fún un ti bàjẹ́, èmi sì ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bí n kò bá ti gbọ́ nǹkan, ó ti ní kí n máa bọ̀.

O wọlé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, o rí ẹ̀pà nílẹ̀, o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. Lẹ́yìn náà lo fa àga, o jókòó, o sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé. O ní, "Mọ́mì, iná tó bá kú, pupa ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ béèrè." Ẹnu ìwọ Àlàó ni mo ti gbọ́ ọ. O wá ra pátákó àfikún fún mi, a sì fi gílóòbù mẹ́ta sórí òpó kọ̀ọ̀kan, pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé. Láti ìgbà náà, ohun tó bá fẹ́ kí n máa lọ ní láti tan iná kí n fi ojú mi rí i. Òfin tó o ṣe fún ọkọ̀ ìṣeré ìyá rẹ, kí ló dé tó ò ṣe é fún ilé ara rẹ?

Èkejì. Bí iná bá lọ tó bá sì dé, má rò pé ibi tí o fi nǹkan sí ló ṣì wà.

O mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò ṣe ẹ̀rọ n'Ìbàdàn yìí tí kò ní bá ọ̀rọ̀ iná pàdé. Nígbà tí gílóòbù mẹ́ta kọ́kọ́ dé orí òpó, bí iná bá lọ tó sì padà, àpótí mi á jí bí ẹni tó sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì, kò mọ ibi tó wà, kò mọ ọkọ̀ tó wà níbì kankan. Mo sì ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bó bá ti jí, kí gbogbo òpó tan àwọ̀ ewé, kí ayé rọrùn. Áà! Àwọn ọmọ ilé kejì á pariwo pé "iná ti dé o," kí ariwo náà tó rọlẹ̀, ọkọ̀ méjì á ti kan ara wọn lórí tábìlì mi. Mo tún un kọ. Ní báyìí, bó bá jí, pupa ni gbogbo rẹ̀, títí yóò fi wo irin kọ̀ọ̀kan kó mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó máa ṣí ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ náà lọ sí Àbújá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, o pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó o dé, ǹjẹ́ o béèrè lọ́wọ́ Háwáù pé kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí n kò sí nílé? Àbí ńṣe lo wọlé tí o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìrìnàjò? Èèyàn kì í dúró sójú kan bíi àga. Wọ́n lè ti mú àwọn ọmọ tuntun wá fún un, olùkọ́ kan lè ti fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ lè má yá. Ẹni tó bá ti ibi kan dé, kó kọ́kọ́ wo ojú ilé, kó tó máa pàṣẹ. Ọkùnrin ilé wa kò gbọ́n nídìí eléyìí, ìran ni wọ́n fi jẹ.

Ẹ̀kẹta nìyí, èyí ló sì dùn mí jù. Sísọ kì í ṣe gbígbọ́.

Mo bi ọ́ lọ́jọ́ Àìkú pé ìgbà wo lo sọ fún un. Ìdáhùn rẹ rèé: "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá yẹn." Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ n rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, ìwọ náà ń pariwo, o wá ju ọ̀rọ̀ Àbújá sáàárín. Wo irin orí tábìlì mi: iná tó ń mú ọkọ̀ rìn àti ọ̀rọ̀ tí àpótí ń bá a sọ ló jọ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bí eruku tàbí ọ̀rá bá wà lára irin, iná lè kọjá, kí ọkọ̀ ṣì máa rìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á já sọ́nà. Ọkọ̀ náà á máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ ni, wàá rò pé ó gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àpótí ìdarí fi ń tún àṣẹ kan náà sọ léraléra, tí èmi náà fi máa ń fi aṣọ àti sípíríìtì nu irin kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ilé yín ń rìn lóòótọ́. Háwáù ń sè, ó ń fọ̀, ó ń kí ọ káàbọ̀. Ìyẹn kò sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ dé ibi tó ń lọ. Pa tẹlifíṣọ̀n. Gbé fóònù rẹ dojú bolẹ̀. Jókòó tì í, kó o tún un sọ pẹ̀lẹ́, bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ti iná yẹ́lò náà, mi ò mọ iye tí mo kà á dé mọ́. O rántí pé mo bá ọ jà lórí rẹ̀. Mo ní dúró àti máa lọ ti tó, kí ni ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta? O ní, "Ó ń sọ pé ẹ máa bọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ rọra." Mo ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ènìyàn, irú rẹ̀ ni. Kì í ṣe rárá, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. "Mò ń bọ̀, jẹ́ n kọ́kọ́ parí èyí." "A ó lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí." Bó bá jẹ́ pé iná méjì péré lo fi sínú ilé rẹ, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò kò ní rí ibi tí yóò tan án sí. Ó lè máa bẹ̀rù pé bí òun bá ní "rọra," ìwọ á gbọ́ "rárá," ìjà á sì dé. Kí ni yóò ṣe? Á dákẹ́. Àwọn èèyàn á máa sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ìyá rẹ̀ lè fi òwe yẹn kìlọ̀ fún un. Ìwọ ọkọ rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó fi í jẹ èrè.

Bó bá wá ní òun kò lọ ńkọ́? Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ. Ọ̀nà kan kò wọjà. O lè lọ kó o kọ́kọ́ jókòó, kí òun wá bá ọ lẹ́yìn táámù. O lè máa wá sílé lóṣooṣù. Ẹ lè rí ẹni tí yóò máa bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ sì lè jà, kẹ́ ẹ jà gan-an, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ jà. N kò yan ọ̀kankan fún yín. Ṣùgbọ́n ìjà tí a jà tán sàn ju ẹrù tí a dì láìsọ̀rọ̀ lọ.

Ó ku ọ̀kan, mo ti ń yí i ká láti àárọ̀.

Gbogbo òpó iná ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, òun ni àpótí fi ń pè é. Ìgbà kan wà tí mo ṣèèṣì fún òpó Ìṣẹ́yìn àti òpó Mọ́níyà ní nọ́ńbà kan náà. Bí mo bá pe Ìṣẹ́yìn, Mọ́níyà náà á dáhùn. Ó rú mi lójú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mo rò pé pátákó ló bàjẹ́. Àlàó, mo rò pé èmi àti Háwáù lo fún ní nọ́ńbà kan náà. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ pé bí obìnrin bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Inú ilé yìí lo dàgbà sí. O rí bàbá rẹ tí ń sọ ohun tí a ó ṣe, o rí èmi tí mò ń gbé abọ́ lọ sí kíṣìnnì, ilé sì tòrò. Ta ni kò ní rò pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Jẹ́ n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yìgì wa ní Ṣakí, Àáfà bi mí pé ṣé mo fẹ́ ẹ. Mo dákẹ́, mo sì tẹ orí ba. Gbogbo ilé pariwo ayọ̀, nítorí a mọ̀ pé ojú ń ti wúńdíá, ìdákẹ́ rẹ̀ ni ìyọ̀ǹda rẹ̀. Wọn kò ṣì í rárá. Mo ti fẹ́ bàbá rẹ láti ọjọ́ tó ti bá mi tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe lójú títì, ẹ̀rín ni mò ń pa mọ́ sábẹ́ ìbòrí. Àṣà tó dára ni fún ọjọ́ tí ojú ń tini. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin gba ìdákẹ́ ọjọ́ kan yẹn, wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ọjọ́ ayé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn yìgì ni bàbá rẹ rí iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì n'Ìbàdàn níbí. Ó dé láti ìrìnàjò, inú rẹ̀ ń dùn, ó bu ọkà, ó ní, "A ń kó lọ sí Ìbàdàn lópin oṣù." Èmi nìkan ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún ní físíìsì nílé-ẹ̀kọ́ wa nígbà náà. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń tàn, mo rò pé bí mo bá la ẹnu mi, n óò ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo gbé abọ́. Nígbà tí mo fi padà dé láti kíṣìnnì, ó ti ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi ti gbà." Lórí ẹrù nínú lọ́rì tó gbé wa kúrò ní Ṣakí, mo jókòó ti matírẹ́ẹ̀sì, mo sì ń wo ojú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ mi títí igi fi bò ó.

Bàbá rẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. O mọ̀ ọ́n. Kò lu mí rí, kò fi ebi pa mí rí, bí orúnkún mi bá ń dùn mí, òun ló ń fi òróró pa á. Mo ti bá a gbé ayé tó dùn n'Ìbàdàn yìí, níbí ni mo sì ti bí ọ. Kò kàn bi mí rí ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé èmi náà ní ẹnu, n kò là á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wakọ̀ ló yẹ kó wo iná, Àlàó. Abèèrè kì í ṣìnà. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò gbọ́ èsì, kó tún bèèrè.

Mo fẹ́ lọ gbé omi ọkà kaná. Bàbá rẹ ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ti ní òun fẹ́ kà á kí òun lè mọ ohun tí òun ń gbé kiri Ring Road. Mo ní kó kà á. Tọ́kọtaya kì í lẹ lẹ́tà mọ́ ara wọn lójú.

*

Ọjọ́ Jímọ̀, láàárọ̀.

Mo rò pé mo ti parí, n kò tíì parí.

Bàbá rẹ kà á lálẹ́ àná, ó ká a, ó lọ sùn. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó wá bá mi ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mo ti ń nu irin. Kì í wọ ibẹ̀ àfi bó bá ń wá ohun tí a fi ń ṣí agolo. Ó fa àga, ó jókòó.

Ó fi orúkọ rẹ pè mí bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ìyá Mùbárákì, kí lò bá sọ?"

Mo ní, "Nígbà wo?"

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo ní a ń kó bọ̀ n'Ìbàdàn. O ní ó wà lórí ahọ́n rẹ. Kí ni?"

Mo gbé aṣọ ìnurin sílẹ̀. Mo ní, "Ǹ bá ní ẹ jẹ́ ká lọ, Dádì. Ìbàdàn wù mí. Ǹ bá ṣáà bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi ṣe ìdánwò wọn tán ná."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni."

Ó wo tábìlì, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá pe orúkọ mi, èyí tí kò pè láti ìgbà tí mo ti bí ọ. Ó ní, "Ràfátù, ǹ bá dúró."

Mo tún gbé aṣọ ìnurin, mò ń nu ibi tí mo ti nù tẹ́lẹ̀. Ó dúró, ó wá tẹ orí síwájú bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ lákọ́sórí, ó ní, "O tún ti dákẹ́. Jọ̀wọ́, kí ni kí n kà á sí?"

Mo ní, "Ẹ kà á sí ẹkún. Ẹ jẹ́ n sun ún tán."

Ó sì jókòó títí mo fi sun ún tán.

Ọmọ mi, òun náà ló dúró níwájú rẹ yìí. Fún un lómi mu. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ ẹrù tó dé lọ́la, lọ jókòó ti Háwáù, kó o bi í.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Ràfátù.